Bí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété Ṣe Wú Níwájú Àwọn Ọmọ

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí. Mo fi irin búra! Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi irin sílẹ̀, irin kì í ṣeré. Mo fi àkàrà tí mo jẹ láàárọ̀ búra. Àgbọ̀nrín fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ìyá àgbà mi. Tàbí kó jẹ́ ẹnì kan tó mọ Àgbọ̀nrín ni. Ẹ ṣáà jókòó dáadáa. Ìgè, yé fẹsẹ̀ da eruku sí wa lójú.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já pàtì, ó yí gbirigbiri, ó dúró sí ẹnu ihò Òkété.

Nígbà kan, gbogbo ẹranko igbó ń dáko sí ọ̀nà jíjìn. Bí wọ́n bá ti kúrò nílé báyìí, ìjàngbọ̀n dé. Ọmọ Ọ̀yà á jẹ àgbàdo tí wọ́n tọ́jú fún gbíngbìn. Ọmọ Òòrẹ̀ á ri ẹ̀gún ara rẹ̀ mọ́ ibi tí àwọn àgbà máa ń jókòó sí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àgbọ̀nrín tó jẹ́ olórí wọn ti oko dé, ó jókòó gbì, ló bá tún fò sókè fìrì.

"Yéè! Ìdí mi o!"

Ó pe ìpàdé. Ó ní, "Pàṣán ti ṣẹ́ mọ́ àwọn ọmọ yìí lára, wọn ò gbọ́. Ẹ jẹ́ ká máa fi àlọ́ kọ́ wọn. Ta ló mọ àlọ́ pa?"

Ìgbà náà ni Òkété yọ imú lẹ́nu ihò.

"Èmi ni. Àlọ́ kún inú mi bámúbámú."

Irọ́ ni, ebi ló kún inú rẹ̀. Òkété ti darúgbó, èékánná rẹ̀ ti kú, kò lè wú ẹ̀gẹ́ mọ́. Ó sì ti ń gbóòórùn ọ̀jọ̀jọ̀ ewùrà tí àwọn ìyá ń dín fún àwọn ọmọ wọn nírọ̀lẹ́.

Ó ní, "Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀jọ̀jọ̀ rẹ̀ dání wá. A ó dà á pọ̀ sínú igbá kan, kí wọ́n lè kọ́ bí a ti ń pín nǹkan. Òfin mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá ń gbọ́ àlọ́ gbọ́dọ̀ dijú, kó sì máa gbè é. Ẹni tí kò bá gbè é, kò ní fọwọ́ kan ọ̀jọ̀jọ̀."

"Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú àníyàn," ni àwọn òbí wí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ yí Òkété ká lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Igbá ọ̀jọ̀jọ̀ wà láàárín, ó kún tẹ́ńtẹ́, ó ń ta sánsán. Òkété gbé itọ́ mì.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi dá lórí Ìkookò tó jẹ tirẹ̀ tán, tó tún na ọwọ́ sí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀." Ó kọ́ wọn ní orin inú rẹ̀. Ó wá yíjú sí ọmọbìnrin Ọ̀kẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Wúyẹ́. "Ìwọ tí ohùn rẹ já gaara, ìwọ ni kó o máa lé e. Ìparí àlọ́ yìí wà nínú ihò mi, mo fẹ́ lọ gbé e wá. Ẹ dijú! Ẹ má là á o!"

Wọ́n dijú pinpin.

Ìkookò jẹ tirẹ̀ tán,
*Gbé e sílẹ̀ o, gbé e sílẹ̀.*
Ó nawọ́ sí t'ọ̀rẹ́ rẹ̀,
*Gbé e sílẹ̀ o, gbé e sílẹ̀.*
Ikùn Ìkookò á bẹ́ o,
*Gbé e sílẹ̀ o, gbé e sílẹ̀.*

Ṣé ẹ mọ̀ pé àpò wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkété? Ó ki ọ̀jọ̀jọ̀ bọ ti ọ̀tún, ó ki í bọ ti òsì, ó sáré wọ ihò, ó tú u sílẹ̀, ó tún sáré padà wá.

"Mo ti gbé e dé! Ikùn Ìkookò bẹ́ gbàmù! Ẹ̀kọ́ wo lẹ rí kọ́?"

"Ká má jẹ ìpín ẹlòmíràn!"

"Ẹ káre! Ọmọ gidi ni yín."

Wọ́n lajú. Èérún ló kù nínú igbá.

"Bàbá, ọ̀jọ̀jọ̀ wa dà?"

"Bí orin bá dùn jù, ọ̀jọ̀jọ̀ a máa yọ́. Ta ló ní kí ẹ kọrin tó bẹ́ẹ̀?"

Àwọn ọmọ fi ẹkún lọ sílé. Wúyẹ́ ní ebi ń pa òun, ìyá rẹ̀ sì gbá a létí. "Ọ̀jọ̀jọ̀ tí mo dín kún awo! Onírọ́!"

Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kẹta. Ọmọ Òòrẹ̀ rù títí ẹ̀gún rẹ̀ fi tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Òkété ní tirẹ̀ sanra tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọ ihò.

Nígbà tó yá, Wúyẹ́ rọra la ojú kan bíńtín. Ó rí gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Bí mo bá ké, á gbé e mì, èmi ni wọn á tún gbá létí."

Nígbà tó délé, ó ní, "Ìyá mi, ẹ pe Bàbá Àgbọ̀nrín àti àwọn yòókù, kí ẹ wá fara pamọ́ sẹ́yìn igi nírọ̀lẹ́ ọ̀la, kí ẹ gbọ́ bí a ṣe ń gbè é."

"Tó bá jẹ́ irọ́ ńkọ́?"

"Ẹ gbá mi ní etí kejì."

Ìrọ̀lẹ́ ọ̀la dé. Orin ń lọ, Òkété ń ki ọ̀jọ̀jọ̀. Ọ̀tún kún, òsì kún, ó wá ń wá àyè fún ẹyọ kan lábẹ́ ahọ́n. Àfi bí Wúyẹ́ ṣe gé orin bọ́ọ́:

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!" Ohùn àgbàlagbà ló dáhùn látẹ̀yìn igi.

"Bàbá, ẹ ò gbè é," ni Wúyẹ́ wí. "Ààlọ́ o!"

"Mmm."

Àgbọ̀nrín jáde. "Háà! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá mà wú o! Ṣé eyín ń dùn yín ni?"

Òkété mi orí kíákíá: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, eyín ni.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá," ni Òòrẹ̀ àgbà wí. Ó fa ẹ̀gún kan tó gùn yọ lẹ́yìn rẹ̀. "Èyí mú dáadáa. Ẹ dì í mú fún mi, kí n gún un kí ọyún ibẹ̀ lè jáde."

Òkété wo ẹ̀gún. Ẹ̀gún ń bọ̀. Ó ń bọ̀! Ló bá la ẹnu gbàgà: "Ààlọ̀ààà!"

Pọ́tọ́! Pọ́tọ́! Pọ́tọ́! Ọ̀jọ̀jọ̀ ń já bọ́, ọ̀kan yí dé ẹsẹ̀ Àgbọ̀nrín. Kò sẹ́ni tó ní kí àwọn ọmọ kọrin, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: *"Gbé e sílẹ̀ o, gbé e sílẹ̀!"*

Àgbọ̀nrín ní, "Bàbá, ta lẹ ń pa àlọ́ Ìkookò fún?"

"Àwọn ọmọ ni."

"Ẹ̀yin ò gbọ́ ọ?"

Òkété kó sínú ihò wọ̀ọ̀. Ìtìjú ọjọ́ náà ni kò jẹ́ kó jáde lọ́sàn-án mọ́. Ìyá Wúyẹ́ fi ọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ létí, etí tó gbá náà gan-an, ó sì ki ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná sí i lọ́wọ́. Wúyẹ́ ló ń pa àlọ́ fún wọn látìgbà náà, òfin tirẹ̀ sì ni pé kí gbogbo ẹni tó bá ń gbọ́ ọ la ojú sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sùn sí. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ọwọ́ àgbà ni ọmọdé ń wò, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ nìkan. Òkété tó dàgbà tó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀, kó má bínú bí ọmọ bá fi àlọ́ rẹ̀ mú un.

Bí mo bá parọ́, kí agogo ẹnu mi má dún. Pó! Pó! Pọ̀.

Ẹ gbọ́ ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn? Ó dáa, mo jẹ́wọ́. Èmi ni mo fi ẹ̀gún Òòrẹ̀ kún un. Bí wọ́n ṣe pa á fún mi, Òkété kàn sín ni. Ṣùgbọ́n ìyókù, òótọ́ ni. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkété.