Bí Agbo Àwẹ̀ró Ṣe La Ẹ̀ẹ̀rùn Já

Òkè-ga-kò-di-oúnjẹ, Koríko-gbẹ-ó-ku-orúkọ: àwọn ni wọ́n dífá fún Àwẹ̀ró, ní ọjọ́ tí agbo ewúrẹ́ rẹ̀ ń rù lójú rẹ̀.

Opó ni Àwẹ̀ró. Ewúrẹ́ ni ó fi ń gbọ́ bùkátà ilé. Orí òkè ni ó ti ń dà wọ́n jẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ti ṣe. Nígbà òjò, koríko ibẹ̀ a rọ̀, ara ẹran a máa dán. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà, ọ̀yẹ́ tètè dé. Koríko le bí ìgbálẹ̀. Ẹran ń jẹ látàárọ̀ dalẹ́, ikùn ń kún, ara kò gbà á. Wàrà gbẹ lọ́mú. Ọmọ ewúrẹ́ mẹ́rin kú láàárín ọjọ́ mẹ́fà.

Àwẹ̀ró tọ awo lọ. Wọ́n ní kí ó fi òbúkọ kan rúbọ, kí ó fi ẹran rẹ̀ bọ́ aládùúgbò, kí ó má sì yọ ẹni tó ń bínú sí i sílẹ̀. Wọ́n ní kí ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Bí àkọ́rọ̀ bá rọ̀, kí ó má ṣe kánjú gòkè. Koríko tuntun dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó máa ń mú inú ẹran wú.

Ó dun Àwẹ̀ró. Òbúkọ kan ṣoṣo ni ó ní.

Ó ní, "Bí mo bá pa á, ta ni yóò gun àwọn abo?"

Awo dáhùn pé, "Bí àwọn ìyá bá kú tán, ta ni yóò gùn?"

Ó rúbọ. Ògúnkéyè, àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ òkè, ni ó ń bínú sí i, nítorí ewúrẹ́ Àwẹ̀ró ti jẹ iṣu oko rẹ̀ rí. Àwẹ̀ró gbé àwo ẹran lọ fún un, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, bàbá, ẹ má bínú."

Bàbá náà jẹun tán, ó nu ẹnu. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí ẹran rẹ kú tán ni? Igi odán mẹ́ta wà lẹ́yìn oko mi, ewé wọn kì í gbẹ. Máa wá gé e. Ṣùgbọ́n so ewúrẹ́ rẹ mọ́lẹ̀ o!"

Àwẹ̀ró kó ẹran sọ̀ kalẹ̀, ó so wọ́n mọ́lé. Ojoojúmọ́ ni ó ń ru ewé odán lọ bá wọn. Kò pẹ́, wàrà padà sọ́mú.

Nígbà tí àkọ́rọ̀ rọ̀, òkè tutù yọ̀yọ̀. Àwọn darandaran yòókù sáré gòkè. Wọ́n ń pè é pé, "Àwẹ̀ró, àbí o ò rí koríko ni?" Ọwọ́ rẹ̀ ti kan okùn ẹran láti tú u, ó tún fà á sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kẹta, inú ẹran wọn wú, púpọ̀ kú. Ó sunkún fún wọn.

Ìgbà tí koríko dé orúnkún ni ó tó gòkè. Ewúrẹ́ mẹ́jọ ti lóyún kí ó tó fi òbúkọ rúbọ. Ibi tí wọ́n ń bí sí ni ó jókòó sí lórí àpáta, ó ń mí ìmí tó ti há sí i láyà láti ìgbà ọ̀yẹ́. Akọ wà nínú àwọn ọmọ náà.

Àwẹ̀ró ń yin awo, awo ń yin Ifá. Ẹni tó bá rúbọ tó sì tún gbọ́ràn, bí ó ti wù kí ẹ̀ẹ̀rùn gùn tó, yóò rí ewé tútù bọ́ agbo rẹ̀.