Ànàmọ́ Tó Ń Sùn Lọ́sàn-án Gangan

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ dáhùn bí ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ ti jinná. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já bọ́ pọ̀ọ́, ó yí gbirigbiri, ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà Ìjàpá, kò yà. Ẹ jẹ́ kí Ìjàpá sinmi, gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ayé kọ́ ló máa rù. Ó yí gbirigbiri, ó lọ kọlu Òkété.

Ní àtijọ́, àwọn ẹranko tẹ̀dó sórí òkè kan tí ìkùukùu kì í tètè kúrò lórí rẹ̀. Ànàmọ́ òyìnbó ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, èyí tí kì í fà nílẹ̀, tó ń nàró bí igi ata. Gbogbo wọn ló gbìn ín, àfi Òkété. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ ebè, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbìn, ó ní òjò máa rọ̀. Lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, ó ní ṣé òun ò ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Bí ẹni pé kò sí irú rẹ̀ nílé yín.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ wá bímọ mẹ́jọ sínú ihò, ọyẹ́ sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Òkété ti parọ́ fún un pé oko òun wà lẹ́yìn òkè.

"Baba wọn," Àwẹ̀ró ní, "ìgbà wo lẹ fẹ́ kó ànàmọ́ wálé? Àká ṣófo. Bí ọyẹ́ bá bá wa báyìí, àwọn ọmọ yìí ò ní fojú kan òjò tó ń bọ̀."

"Fọkàn balẹ̀, Àwẹ̀ró. Oko kì í sá lọ."

Ó jáde, ó ń rìn bí ẹni tó níbi tó ń lọ. Bó ti ń lọ ló bá Ọ̀yà lẹ́bàá oko, tó káwọ́ lérí. Oòrùn wà ní àtàrí. Gbogbo ànàmọ́ Ọ̀yà ló sorí kọ́. Ewé wọn ò pọ́n, kò gbẹ. Wọ́n kàn rọ̀ jọ̀jọ̀ bí àgbà tó ń tòògbé nínú ìpàdé.

"Òkété, gbà mí! Láti ìjẹta nìyí. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á dìde. Bó bá di ọ̀sán, wọ́n á tún wó."

Òkété wo ànàmọ́, ó wo Ọ̀yà. Inú rẹ̀ là bí ọjọ́.

"Wọ́n ń sùn ni," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Wọ́n ń kí ni?"

"Rọra! Wọ́n ń sùn, wọ́n ń lálàá. Inú àlá ni iṣu ìdí wọn ti ń tóbi. Bí ariwo bá jí wọn lójijì, ẹ̀mí wọn ò ní mọ̀nà padà, òfo lo máa bá nílẹ̀. Bàbá mi ló sọ fún mi kó tó kú."

Bàbá rẹ̀! Bàbá tó kú sínú pàkúté olóko.

Ọ̀yà sáré tọ Ẹfọ̀n, baálẹ̀ òkè náà. Ẹfọ̀n tóbi ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ. Ohun tí kò bá yé e ló máa ń fi ṣòfin. Ó pàṣẹ pé bí oòrùn bá ti kan àtàrí títí di ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé oko, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pariwo. Ohun yòówù tí etí bá gbọ́, kí olúwarẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Òkété tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ nìkan ni kó máa lọ kọrin oorun fún ànàmọ́.

Ẹ wá wo ìlú! Odó dákẹ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú àtẹ́lẹwọ́. Ìyàwó tó fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ jà, ojú ló fi ń bú u. Èéfín ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Àkùkọ gan-an ń kọ sínú ìyẹ́. Ó dà bíi pé gbogbo òkè náà wà lábẹ́ omi, tí oòrùn ń wò ó láti ojú omi. Ohùn kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ebè. Ẹ bá mi gbè é:

Ànàmọ́, má lajú o,
*Rọra, ilẹ̀, rọra.*
Àlá dùn ju oúnjẹ lọ,
*Rọra, ilẹ̀, rọra.*
Ẹni tó jí lebi ń pa,
*Rọra, ilẹ̀, rọra.*
Sùn, n óò bá ọ gbẹ́rù rẹ,
*Rọra, ilẹ̀, rọra.*

Bó ti ń kọrin, bẹ́ẹ̀ ló ń fọwọ́ wa ìdí ebè. Kì í fa ànàmọ́ tu. Ọ̀bẹ kékeré kan ló fi ń gé iṣu rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, á fi igi rẹ̀ sílẹ̀ lóòró, á da erùpẹ̀ bò ó, á kó ẹrù sẹ́rẹ̀kẹ́, ó dilé. Ó kúrò lóko Ọ̀yà, ó bọ́ sóko Ìgalà. Ó kúrò lóko Ìgalà, ó bọ́ sóko Ehoro. Ọ̀bẹ kan náà ni. Kò fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀lẹ tí kì í fọ ẹnu, ṣé ọ̀bẹ ló máa fọ̀?

Ohun tó wá yà á lẹ́nu ni pé ibi tó bá ti ṣiṣẹ́, bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, oorun ti débẹ̀. Oko Ìgalà sùn. Oko Ehoro sùn. Òkété jókòó sábẹ́ igi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Irọ́ mi yìí kúkú gbọ́ràn," ó ní. "Mo pa á tán, ó tún ń bá mi ṣiṣẹ́."

Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Á fetí lélẹ̀, á ní òun ń gbọ́ bí iṣu ṣe ń hanrun.

Ẹnì kan ni kò bá wọn sùn. Akàn ni, ìyá arúgbó tó ń gbé létí odò nísàlẹ̀ òkè. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rìn. Oko rẹ̀ ò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ, kì í sì í jẹ́ kí irin ẹlòmíì wọ̀ ọ́. Akàn ránṣẹ́ sí baálẹ̀ pé, "Ohun tó bá sùn a máa jí. Ànàmọ́ Ọ̀yà kì í dìde nírọ̀lẹ́ mọ́. Oorun wo nìyẹn?"

Ni Òkété bá sọ̀ kalẹ̀ lọ pa á lẹ́nu mọ́.

"Ìyá Akàn, ẹ kú ìjókòó o. Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń da baálẹ̀ láàmú."

"Jókòó, Òkété. Má da omi mi rú."

Ihò méjì wà lára àpáta níwájú rẹ̀, omi inú wọn mọ́ gaara. Akàn fi ọwọ́ rẹ̀ tó dà bí ẹ̀mú gé igi ànàmọ́ oko tirẹ̀, ó gbé e kọ́ sínú omi kìn-ín-ní. Ó ti ọwọ́ náà bọná, ó tì í bọ odò, ó dún ṣàá, kó tó gé ti oko Ọ̀yà. Ó gbé ìyẹn kọ́ sínú omi kejì. Ó yọ ojú méjèèjì síta, ó tẹjú mọ́ omi.

Wọ́n jókòó. Ewé ń já bọ́ sódò lọ́kọ̀ọ̀kan, odò ń gbé e lọ. Ó pẹ́. Òkété ti ń tòògbé kó tó rí i. Láti ojú ibi tí wọ́n ti gé igi Ọ̀yà, fọ́nrán funfun kan ń sọ̀ kalẹ̀ nínú omi, tín-ín-rín, jẹ́jẹ́, bí èéfín tó gbàgbé pé òkè ló yẹ kí òun lọ. Nínú omi kìn-ín-ní, kò sí nǹkan kan. Ó lẹ́wà débi pé Òkété gbàgbé irọ́ tó bá wá.

"Ìyá, kí nìyí?"

"Kòkòrò ni. Ojú ò lè rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àìmọye wọn ló para pọ̀ di funfun yẹn. Wọ́n ti dí ọ̀nà omi nínú igi. Òǹgbẹ ló ń pa ànàmọ́ tí o ń kọrin fún."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, ìyẹn ni mo ṣe ń wò ó. Mo bu omi funfun yìí sídìí ànàmọ́ tó yè nínú ìkòkò kan, mo bu omi lásán sídìí èkejì. Kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ, ti àkọ́kọ́ sorí kọ́. Mo gé e, mo gbé e sómi, fọ́nrán yìí kan náà ló jáde. Ṣé àlá máa ń ranni ni, Òkété?"

Òkété fi ọwọ́ họ etí.

"Ẹni tó ń gbé e kiri ló kù tí mi ò mọ̀. Ó ti ọ̀dọ̀ Ọ̀yà lọ sọ́dọ̀ Ìgalà, ó fo àpáta, ó bọ́ sọ́dọ̀ Ehoro. Atẹ́gùn kì í rìn báyẹn. Ẹlẹ́sẹ̀ ni, irin sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí irin náà bá gé ló máa jẹrà."

Gbogbo ohun tí irin náà bá gé! Òkété ò dágbére.

Ó bá Àwẹ̀ró lẹ́nu ihò, tó di imú mú. "Baba wọn, kí lẹ kó wálé?" Àká tó kún dé òrùlé ti di ẹrẹ̀. Òkété mú ànàmọ́ kan tó ṣì dúró, ó tẹ̀ ẹ́. Omi funfun sun jáde lójú rẹ̀ bí omijé. Àwọn ọmọ mẹ́jọ jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń wo ẹnu bàbá wọn.

Ẹni tí orí rẹ̀ pé á lọ jẹ́wọ́. Òkété mú àpò. Oko Akàn nìkan ni àrùn ò tíì dé lórí gbogbo òkè. Ó dúró di ọ̀sán, nígbà tí òfin ti so gbogbo ìlú mọ́lé, ó yọ́ lọ síbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ọwọ́ bọ ebè ni Akàn yọ láti inú ilẹ̀ tútù, ó gbá a nírù mú láàárín méjì.

"Yéè! Mo gbé! Ẹ gbà mí o!"

Gbogbo ìlú gbọ́. Ọ̀yà fi ìka lé ètè. "Ta ló ń ké báyẹn? Ó máa jí ànàmọ́."

"Òfin lòfin," Ẹfọ̀n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́."

"Èmi Òkété ni o!"

"Òkété ni," Ehoro ní. "Orin tòní mà yàtọ̀."

Òkété rí i pé orin nìkan ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu òun. Ó fi ẹkún dá a, wọ́n sì ń gbè é láti ẹnu ọ̀nà wọn, ojú wọn ní dídì:

Ẹ jí o, ẹ jí, ẹ dìde,
*Rọra, ilẹ̀, rọra.*
Kì í ṣoorun o, àrùn ni,
*Rọra, ilẹ̀, rọra.*
Ọ̀bẹ ọwọ́ mi ló gbé e,
*Rọra, ilẹ̀, rọra.*
Irọ́ ni mo pa fún yín,
*Rọra, i...*

Ọ̀yà ló kọ́kọ́ lajú. "Ó ní kí ni?"

Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ délẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀. Akàn ò tíì tú ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti kúrò nínú ìrù Òkété láti ibi tí Akàn ti dì í mú títí dé ṣóńṣó, ó funfun báláú. Ẹfọ̀n gbé ẹsẹ̀ sókè láti tẹ̀ ẹ́ pa.

"Baálẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀," Akàn ní. "Bó bá kú, ta ló máa fi ibi tó ti gé hàn wá?"

Òkété ń wọ́ lọ níwájú, ó ń nawọ́ sí ebè, wọ́n ń hú u, wọ́n ń sun ún. Akàn di apẹ̀rẹ̀ ànàmọ́ tó yè, ọwọ́ Àwẹ̀ró ló kó o lé, kì í ṣe ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Èyí tó kù ló fi ṣe irúgbìn fún gbogbo ìlú. Ọyẹ́ ọdún náà le. Gbogbo ará òkè gbẹ bí ìgbálẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mẹ́jọ náà fojú kan òjò. Ẹfọ̀n sì ṣòfin tuntun pé ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ kan iná kó tó kan irúgbìn. Ẹ má yìn ín o, Akàn ló sọ ọ́ sí i létí.

Láti ọjọ́ náà ni ìrù Òkété ti dúdú dé ìdajì, tí ìdajì yòókù sì funfun. Ó fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, kò lọ. Ìtìjú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó jáde lọ́sàn-án.

Àlọ́ mi ti délé, ó ti ṣan ẹsẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sùn. Èyí tó bá jẹ́ irọ́, ẹ dá a padà fún mi, òun ni mo fi ń jẹun.