Àkùkọ Mẹ́ta Ògúndìran

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mi ò gbọ́ o. Àbí ẹ ò tíì jẹun ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ ò!

Ó dáa. Àlọ́ mi yìí yí gbirigbiri, kò yà sí ààfin, kò yà sí ọjà, ó lọ balẹ̀ wọ̀ọ̀ síwájú obìnrin opó kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, àti Ìjàpá tó fẹ́ jogún ọkọ rẹ̀.

Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Àtẹ̀pẹ́, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ògúndìran. Ó ní oko obì tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bímọ. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ fi ń wojú ara wọn. Ní ọdún kọkànlá, Àwẹ̀ró ṣàkíyèsí pé òun kò rí nǹkan oṣù òun mọ́. Ó dúró títí oṣù kejì fi pé, ó wá sọ fún ọkọ rẹ̀.

Ògúndìran kò pariwo. Ó kàn jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Àwẹ̀ró, má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Àwẹ̀ró ní, "Olówó orí mi, ṣé ẹ rò pé orí mi dàrú ni?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Oyún tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, a kì í kà á síta, nítorí ayé. Ìyá Àwẹ̀ró ti kọ́ ọ láti kékeré pé, "Bí ọba ló bá bi ọ́, sọ pé ìwọ nìkan ni."

Èèwọ̀ pọ̀ láyé. Agboolé Ògúndìran náà ní tiwọn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí bàbá máa ń sọ sí ọmọkùnrin létí lọ́jọ́ tó bá gbéyàwó. Wọn kì í sọ ọ́ fún ìyàwó, wọn kì í sọ ọ́ fún àlejò. Èmi mọ̀ ọ́n.

"Ìyá Àgbà, ẹ sọ ọ́ fún wa!"

Mi ò sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, ẹ ó dìde lọ sùn.

Láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti sọ ti oyún náà fún un, Ògúndìran kò fọwọ́ ara rẹ̀ pa adìẹ mọ́. Bó bá fẹ́ fi adìẹ tọ́jú ìyàwó rẹ̀, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ pe Ìjàpá. Ìjàpá á dé, kíjìnrìn-kíjìn, á dú àkùkọ, á ní iwe ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ òun. Àkùkọ kìíní, Ìjàpá ló jẹ iwe. Àkùkọ kejì, Ìjàpá ló jẹ iwe. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, inú bí Àwẹ̀ró.

Ó ní, "Ṣé ọwọ́ yín ti rọ ni? Ẹ̀yin tí ẹ ń gé ìrókò lulẹ̀, adìẹ ló wá ṣòro fún yín láti pa?"

Ògúndìran rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Jẹ́ kó máa jẹ ẹ́."

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹn, ibà kọlù ú. Ọjọ́ kẹta, ó kú.

Wàyí o, bí wọ́n bá ń sin ọkùnrin ní Àtẹ̀pẹ́, kí wọ́n tó da erùpẹ̀ bò ó, baálé á bi opó rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójú gbogbo ènìyàn, á ní, "Obìnrin, ṣé ìwọ nìkan ni?" Bí opó náà bá ní òun kò nìkan wà, ọmọ inú rẹ̀ ti di ọmọ òkú, kò sí àríyànjiyàn. Bó bá ní òun nìkan ni, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Àwẹ̀ró dúró létí ibojì. Òfin ìlú ní kó sọ̀rọ̀. Òfin ìyá rẹ̀ ní kó dákẹ́. Ojú gbogbo ayé sì wà níkùn rẹ̀. Oyún oṣù méjì, tó fi ọdún mẹ́wàá wá! Ẹ̀rù bà á dé egungun.

Baálé Àgbọ̀ọlà, olórí agboolé náà, ní, "Obìnrin, ṣé ìwọ nìkan ni?"

"Èmi nìkan ni, bàbá."

"Obìnrin, ṣé ìwọ nìkan ni?"

"Èmi nìkan ni."

Nígbà tó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, orí nìkan ló mì pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n da erùpẹ̀ bo Ògúndìran. Gbì, gbì, gbì.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, Àwẹ̀ró bí ọmọkùnrin làǹtì-lanti. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ó gbé ọmọ rẹ̀ jókòó ní àgbàlá, ó ń retí àwọn tí yóò sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn àgbà ilé dé lóòótọ́. Wọn kò mú oyin dání, wọn kò mú orógbó dání.

Baálé ní, "Àwẹ̀ró, ó dùn wá o. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lo ní ìwọ nìkan ni. Bí Ògúndìran bá mọ̀ nípa ọmọ yìí, kò sọ fún ẹnì kankan nínú wa. Òkú kì í sì í jẹ́rìí. Bí oòrùn bá wọ̀ tí o kò rí ẹlẹ́rìí, wàá gbé e lọ sílé bàbá tìrẹ. Wọn kò ní í sọ ọ́ lórúkọ níbí."

Àwẹ̀ró wo ọmọ náà. Ó ń sùn, ó di ẹ̀ṣẹ́ kékeré. Kò lórúkọ, kò nílé, kò sì mọ̀. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Ó ń sọ pé, "Ẹnu ara mi ni mo fi ta ọmọ mi. Ẹnu ara mi ni."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi gbọ́ kíjìnrìn-kíjìn lẹ́nu ọ̀nà. Ìjàpá ni. Ó ní òun ti fá orí òun bí ọmọ olóòkú ti í ṣe. Orí náà kò nírun tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun ti fá a. Ó dọ̀bálẹ̀. Àyà rẹ̀ kò jìnnà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ kú àfẹ́kù o. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ọmọ Ògúndìran ti dé. Èmi ni."

Baálé wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Ìjàpá, o fi ọdún mẹ́rìndínlógún ju Ògúndìran lọ."

"Bàbá, mo tètè dàgbà ni."

"Ìkarahun tó wà lẹ́yìn rẹ ńkọ́?"

"Ìdílé ìyá mi ni mo ti gba ìyẹn."

Àgbà kan mirí. Ó ní lóòótọ́ ni o, ẹ̀yìn Ògúndìran ti ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó kú. Àwọn yòókù ro ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ ẹ̀ rí ìyà! Ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé ń wá ẹlẹ́rìí, ẹni tó ru ìkarahun wọlé, wọ́n ń ro tirẹ̀ wò. Inú máa ń bí mi tí mo bá dé ibí yìí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Baálé ní, "Kí ló fi hàn pé bàbá rẹ ni?" Ìjàpá ní orin ni òun yóò fi ro ẹjọ́ òun. Ẹ máa gbè é o, kíjìnrìn-kíjìn lègbè rẹ̀.

Ta ló gbẹ́yìn Ògúndìran?
Kíjìnrìn-kíjìn.
Èmi ni mo gbẹ́yìn rẹ̀ o.
Kíjìnrìn-kíjìn.
Ó bí mi, kò wí fẹ́nìkan.
Kíjìnrìn-kíjìn.
Oko obì ti di tèmi o.
Kíjìnrìn-kíjìn.

Orin náà dùn. Baálé alára ti ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ kó tó rántí ara rẹ̀. Ó ní, "Orin dùn. Ẹ̀rí dà?"

Ìjàpá rí i pé oko obì ti fẹ́ yọ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó wá inú, ó wá ọpọlọ, kí ni òun ì bá sọ tí wọn yóò fi mọ̀ pé kò sẹ́ni tó sún mọ́ olóògbé tó òun? Àṣé kò ní láti wá a jìnnà. Ó tún gbé orin:

Ta ló ń bá a pa àkùkọ?
Kíjìnrìn-kíjìn.
Èmi ni mò ń bá a pa á o.
Kíjìnrìn-kíjìn.
Àkùkọ mẹ́ta kó tó kú.
Kíjìnrìn-kíjìn.
Ọ̀bẹ ń bẹ, kò fọwọ́ kàn án.
Kíjìnrìn-kíjìn.
Ó ní, "Ìjàpá, wá bá mi dú u."

Ẹ dákẹ́! Ẹ má gbè é mọ́. Baálé ti gbé ọwọ́ sókè. Ìjàpá nìkan ló gbe ara rẹ̀: kíjìnrìn-kíjìn.

Baálé ní, "Tún un sọ. Má kọ ọ́ lórin."

Ìjàpá ní, "Àkùkọ mẹ́ta ni, bàbá. Oṣù tó kú yẹn gan-an ni. Á gba ẹ̀yìnkùlé wá pè mí."

"Òun fúnra rẹ̀ kò pa á?"

"Ó tilẹ̀ máa ń kẹ̀yìn sí ẹ̀jẹ̀ ni. Ìfẹ́ bàbá sí ọmọ ni, ó fẹ́ kí n máa rí iwe jẹ."

"Ta ló tún rí i?"

Àwẹ̀ró ti dìde. "Mo rí i, bàbá! Mo tilẹ̀ bá a jà nítorí iwe yẹn!"

Baálé ṣí fìlà lórí. Ó ní, "A kì í sọ èyí síta, ṣùgbọ́n nítorí ọmọ yìí, n ó sọ ọ́. Nínú ilé yìí, ọjọ́ tí ìyàwó bá ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ti fẹ́ra kù, ọkọ náà kò gbọdọ̀ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe ẹ̀jẹ̀ adìẹ, títí ọmọ yóò fi gba orúkọ. Kò sì gbọdọ̀ sọ ìdí rẹ̀. Bó bá pe ọmọ ilé kó bá òun pa á, ọmọ ilé á mọ̀ lójú ẹsẹ̀, àṣírí oyún á tú. Àlejò ló gbọ́dọ̀ pè." Ó yíjú sí Ìjàpá. "Bó bá jẹ́ pé ọmọ ilé yìí ni ọ́, wàá ti mọ ìdí tó fi pè ọ́."

Ìjàpá fa orí wọ inú ìkarahun.

Àgbà tó sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn títẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní, "Ṣùgbọ́n, Baálé, ṣé ẹ̀rí Ìjàpá la fẹ́ gbà? Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní òpùrọ́?"

Baálé ní, "Ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ ohun tó ń sọ, kò lè fi í purọ́. Ẹnu Ìjàpá lẹ gbọ́, ṣùgbọ́n Ògúndìran ló sọ̀rọ̀."

Àwẹ̀ró kò gbọ́ èyí tó kù. Ẹ̀rín ọkọ rẹ̀ ló ń rántí. *Jẹ́ kó máa jẹ ẹ́.* Òun ń bínú nítorí iwe adìẹ, ọkùnrin náà sì ti ń ṣe bàbá. Ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ó sunkún ọkọ rẹ̀ tẹ́rùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín.

Baálé bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, wọn kò gbọdọ̀ bi opó kankan léèrè létí ibojì mọ́; ó di ẹ̀yìn oṣù mẹ́ta, nínú yàrá, kí àgbà obìnrin tó bi í. Wọ́n wá oyin, wọ́n wá orógbó. Wọ́n kó àkùkọ mẹ́rìndínlógún sílẹ̀ fún àsè. Ó wá ku ẹni tí yóò pa wọ́n, nítorí àwọn àbúrò Ògúndìran ní orúkọ kò tíì jáde, àwọn ń bá ẹ̀gbọ́n àwọn pa èèwọ̀ rẹ̀ mọ́ títí dé òpin. Àlejò ni wọ́n ń wá.

Gbogbo ojú yí sí Ìjàpá.

Ìjàpá dú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Nígbà tó ṣe tán, ó nu ọ̀bẹ, ó na ọwọ́. "Iwe mi ńkọ́?"

Baálé ní, "Iwe? Ọmọ ilé ló ni iwe."

Babájẹ́rìí ni wọ́n sọ ọmọ náà. Wọ́n gbé iwe mẹ́rìndínlógún sínú àwo, wọ́n gbé e fún un. Kò tíì léyín. Ìyá rẹ̀ ló bá a jẹ ẹ́, kò sì ṣẹ́ ọ̀kan kù.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò fara sin. Ẹ má ṣe sọ ohun ìní ẹlòmíràn di tiyín, torí ẹnu tí ẹ fi ń jà á gbà lè jẹ́ ẹnu tí yóò dá a padà fún olóhun. Ẹ̀yin tí ẹ ó sì di baálé lọ́la, kí ẹ tó lé ọmọ jáde nílé bàbá rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rù mú ìyá rẹ̀ sọ, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe.

Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí nìyẹn. Bí mo bá purọ́ mọ́ òkú, kí àkùkọ ilé yìí má kọ láàárọ̀ ọ̀la. Bó bá kọ, ẹ jí, kí ẹ gbálẹ̀.