Irun Pupa Lórí Kíjìpá Funfun

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ dáadáa. Ìwọ tó wà lẹ́bàá ìkòkò, dé e padà, ẹran ibẹ̀ kò tíì jinná; ìtàn ló ti jinná. Ẹni tó bá jókòó sọ́nà jíjìn, òórùn ọbẹ̀ nìkan ni yóò gbọ́.

"Ajá wọ ẹ̀wù bàbá, irun ìyá ló ń gbọ̀n." Àwọn àgbà ń wí i, ẹ̀yin náà ń wí i. Ṣé ajá a máa wọ ẹ̀wù ni? Báwo ni irun ẹlòmíràn ṣe ń bọ́ lára ẹni? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìdí-Àràbà.

Ní abúlé yẹn, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, igi àràbà ńlá tó wà láàárín ìlú a la èso rẹ̀, òwú rẹ̀ a sì máa fò kiri jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ìkùukùu sọ̀kalẹ̀ wá bá ọmọdé ṣeré. Ọdẹ kan ń gbé ibẹ̀, Ọdẹ́jìnmí lorúkọ rẹ̀. Ó ní ajá pupa kan, Tanímọ̀la, tí ara rẹ̀ ń dán bí igbá tí wọ́n fi epo pa. Irun ajá yìí kì í re rárá. Bí Ọdẹ́jìnmí bá jókòó, Tanímọ̀la a gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, a sì sùn lọ. Nígbà tí ikú mú ajá náà, Ọdẹ́jìnmí kò fẹ́ jẹ, kò fẹ́ mu.

Àmọ́ Tanímọ̀la ti gun abo ajá kan kó tó kú. Ẹ̀gbọ̀nòwú ni wọ́n ń pe abo náà, ajá Àwẹ̀ró, opó tó ń fi òwú àràbà ṣe ìrọ̀rí. Funfun ni, irun rẹ̀ gùn, ó sì ń re. Lágbàlá Àwẹ̀ró, èèyàn kì í mọ irun ajá yàtọ̀ sí òwú igi. Ọmọ méjì ló bí: ọ̀kan pupa, ó ń dán, èkejì funfun, irun rẹ̀ gùn bíi ti ìyá rẹ̀.

Àṣà wọn ni pé ẹni tó ni akọ ní í kọ́kọ́ mú ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló sì ń mú. Ẹni tó bá mú tán kò gbọdọ̀ pààrọ̀.

Àyọ̀ká, ìyàwó Ọdẹ́jìnmí, ti kìlọ̀ fún un. Ó ń hun kíjìpá funfun tí Ṣégilọlá ọmọ wọn yóò ró lọ sílé ọkọ. Ó ní, "Bàbá Ṣégilọlá, ajá tí irun rẹ̀ ń re, ẹ má gbé e wá síbi òfì mi o."

"Fọkàn balẹ̀," ni ọdẹ wí, ó di ilé Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ fẹ́ sí wọn lára ná. Ojú nìkan kọ́ la fi ń mọ ajá, ọwọ́ náà ń bẹ níbẹ̀."

Ọdẹ́jìnmí rẹ́rìn-ín. "Ìyá onírọ̀rí, ojú tó ń rí ẹtu nínú igbó dúdú, ṣé ọmọ ajá ni kò ní mọ̀? Pupa ni bàbá, pupa lọmọ. Ẹ fi ìrọ̀rí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn sùn!"

Ó gbé pupa. Àwẹ̀ró bá ń kọrin tẹ̀ lé e lẹ́yìn:

*Ọmọ ajá, ta lo jọ?*
*Fọwọ́ kàn mí kó o mọ̀.*
*Ẹ̀wù pupa, ẹ̀wù ẹfun,*
*Fọwọ́ kàn mí kó o mọ̀.*

Ọyẹ́ dé. Ajá pupa ti ga, Ọdẹ́jìnmí a sì máa wò ó bí ẹni tó ń lálàá. Ìgbéyàwó Ṣégilọlá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ajá jí lójú oorun, ó na ara, ó gbọn ara rẹ̀ nínú oòrùn. Háà! Irun dìde. Ó tàn bí eruku wúrà, ó rọra ń léfòó, ó ń yí po, kò kánjú. Ó wá bà lé òwú funfun orí òfì.

Igbe Àyọ̀ká ló jí gbogbo agbo ilé. "Bàbá Ṣégilọlá! Ṣé ajá ló ń lọ sílé ọkọ ni? Kí oòrùn tó wọ̀, ajá yìí jáde, tàbí kí n gé aṣọ yìí dànù!"

Ṣégilọlá kúnlẹ̀ ti òfì. Ó ń ṣa irun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí wo ọmọ, ó wo ajá. Lójú tirẹ̀, Tanímọ̀la ló tún fẹ́ kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ó gbé ajá kọ́ èjìká, ó lọ bá Àwẹ̀ró.

"Bàbá ọdẹ, ta ló ya ìrọ̀rí lé yín lórí?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Bàbá rẹ̀ ló jọ, ojú mi kò tàn mí."

"Ó jọ ọ́ kẹ̀. Ẹ̀wù bàbá ló wọ̀, irun ìyá ló ń gbọ̀n." Àwẹ̀ró pe ajá funfun. "Ẹ fọwọ́ kan èyí."

Ọdẹ́jìnmí fọwọ́ ra á láti orí dé ìrù. Ó la àtẹ́lẹwọ́: kò sí irun kankan níbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti mú tèmi. N kò gbọdọ̀ mú lẹ́ẹ̀mejì."

"Àwa èèyàn la ṣòfin yẹn," ni Àwẹ̀ró wí. "Ajá kò bá wa mulẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Pupa sáré lọ bá ìyá rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sínú irun. Funfun dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá rìn wá pẹ̀lẹ́, ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ òsì Ọdẹ́jìnmí, ó sì sùn lọ.

Ọdẹ ńlá kò lè mira. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, kò gbé e. Ẹkún ayọ̀ ló ń sun.

Àyọ̀ká ṣa irun aṣọ títí, ó ku ẹyọ kan pupa. Ṣégilọlá di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ìyá mi, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ Tanímọ̀la sìn mí délé ọkọ." Irun ajá pupa ni Àwẹ̀ró pò mọ́ òwú àràbà, ó fi ṣe ìrọ̀rí fún ìyàwó. Wọ́n gúnyán, wọ́n se ẹran ìgbẹ́, wọ́n jẹ títí ajá méjèèjì fi kọ egungun.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọmọ tó jọ bàbá rẹ̀ tí kò ṣẹ́ kù síbì kan, ẹ má tíì wí pé ẹ ti mọ̀ ọ́n tán. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ fẹ́ sí i lára. Ajá wọ ẹ̀wù bàbá, irun ìyá ló ń gbọ̀n.

Ó yá, ẹ ṣí ìkòkò, ẹran ti rọ̀. Ẹ jẹun, ẹ mumi, kí kálukú gbé ikùn kíkún àti orin lọ sílé.