Orin Ọlọ Ìyá Òkété

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi ń rábàbà, ó bà lé àká Òkété. Kí ìyá rẹ̀ tó kú, a máa lọ ewé dógóńyárò gbígbẹ sí àgbàdo nítorí kòkòrò, a sì máa kọrin lẹ́ẹ̀mẹta bó ti ń lọ̀ ọ́. Ẹ gbè é:

"Ọlọ mi, lọ̀ ọ́ kúnná."

"Lúbúlúbú!"

Òkété ò lè kọ ọ́ láìsunkún, ló bá ń lọ ewé láìkọrin. Lọ́dún kìíní, kòkòrò dá àgbàdo lu. Lọ́dún kejì, ó fi ewé kún un, wọ́n tún jẹ ẹ́. Lọ́dún kẹta, ó fi omijé kọrin náà tán lẹ́ẹ̀mẹta. Ewé kúnná bí ẹ̀lúbọ́, ó wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ara àgbàdo. Kòkòrò sá!

"Yéè, ìyá mi! Mo ṣebí ẹ kàn ń ṣeré ni. Àṣé òṣùwọ̀n bí ewé ṣe ń kúnná ni orin yín!"

Ẹ̀yin ọmọ, ìyá tèmi náà lórin ọlọ. Mi ò kọ́ ọ.