Ìrà Kan Kò Tó Kòkòrò Sányán Jẹ

Láòyè, olórí agbo ilé, pàṣẹ pé kí gbogbo ilé kó kòkòrò sányán wọn sórí igi ìrà kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìnkùlé òun. Àwẹ̀ró, opó àbúrò rẹ̀, kọ̀.

“Bàbá, wọ́n ti pọ̀ jù.”

Láòyè rẹ́rìn-ín. “Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra.”

“Ojú ọ̀run nìyẹn. Ewé ńkọ́?”

Ó gbé igbá kòkòrò tirẹ̀ lọ sídìí ìrà etídò.

Kò pẹ́ tí ewé ẹ̀yìnkùlé fi tán. Kòkòrò ibẹ̀ rù, wọn ò lè hun ìtẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe òwú sányán. Ti Àwẹ̀ró tó àtàǹpàkò, ìtẹ́ wọn sì tóbi bí àgbọn.

Láòyè ránṣẹ́ sí i pé kó kó ìtẹ́ náà wálé, kí gbogbo ilé jọ pín in.

Àwẹ̀ró ní, “Ẹ sọ fún Bàbá pé òótọ́ lòwe wọn. Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò. Èmi ti fò.”