Bí Àáké Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Àkókó

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Ẹ gbè é kó ròkè. Kì í ṣe ààlọ́ olóorun ni mo gbé wá lónìí. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sí ìsọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ó bà lé Àkókó, ẹyẹ tó ń gbẹ́gi. Ó bà lé Òkété, ẹlẹ́nu dídùn. Ó bà lé àáké kékeré kan tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀: inú máa ń bí mi bí mo bá ń pa ààlọ́ yìí. Bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn mi le, ẹ má rò pé ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Àfi bí irinṣẹ́ onírinṣẹ́ bá wà nílé yín.

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí ẹyẹ àti ẹranko ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ bí ènìyàn, ìsọ̀ ńlá kan wà lábẹ́ igi àràbà. Ẹ̀gà ń hun ilé níbẹ̀. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń po amọ̀ níbẹ̀. Àkókó ń gbẹ́gi níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ilẹ̀kùn tó dán, Àkókó ló gbẹ́ ẹ. Bí ẹ bá rí odó tí kò sán, Àkókó ni. Ẹyẹ tó bá fẹ́ gbé inú igi, Àkókó ló ń bá a gbẹ́ ihò.

Àáké kan ṣoṣo ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Àáké náà kéré, ó fúyẹ́. Ọwọ́ bàbá ti mú kí èèkù rẹ̀ máa yọ̀, ọwọ́ ọmọ tún mú kó yọ̀ sí i. Láàárọ̀ Àkókó á pọ́n ọn. Nírọ̀lẹ́ á fi òróró ra á lára. Kì í gbé e sílẹ̀ sí ìta.

Àwọn ará ìsọ̀ ní èdè tiwọn. Ẹ̀gà tó jẹ́ olórí ìsọ̀ ló dá a sílẹ̀. Ẹ ṣáà mọ Ẹ̀gà: èdè ló ń fọ̀, ẹni tí kò gbọ́ ló ń ní ó ń pàtótó. Bí irinṣẹ́ kan bá kú, tí kò mú mọ́, wọn kì í sọ pé ó kú. Wọ́n á ní, "Ó ń sùn." Bí wọ́n bá fẹ́ pọ́n ọn, wọ́n á ní, "Ẹ jí i." Bí igi bá là sí méjì mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́, wọ́n á ní ó ti bí ìbejì. Irinṣẹ́ tí oníṣẹ́ fẹ́ràn jù, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń pè é. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dá ara wọn lára yá, tí àlejò tó bá dúró tì wọ́n kò ní mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Òfin kan bá èdè náà rìn. Ẹni tó bá gbọ́ èdè ìsọ̀, ọmọ ìsọ̀ ni. Ọmọ ìsọ̀ kì í sì í fi irinṣẹ́ du ọmọ ìsọ̀. Bó bá ní kí o yá òun ní ọmọ ọwọ́ rẹ, ńṣe ni o máa gbé e fún un. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ti mọ ọ̀rọ̀ ti mọ iṣẹ́. Ẹ wo irú ìrònú bẹ́ẹ̀.

Òkété ń gbé inú ihò kan lábẹ́ ìsọ̀ yìí gan-an. Òkété kò gbẹ́ ṣíbí rí. Kò hun apẹ̀rẹ̀ rí. Kò po amọ̀ rí. Oorun ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹyìn ni oúnjẹ rẹ̀. Ó kàn máa ń dùbúlẹ̀ sínú ihò, á máa tẹ́tí. Ohun tí wọ́n bá sọ lókè, á já sí i létí nísàlẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ yó, ó yọ síta, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀, ó wọ ìsọ̀ bí ẹni tí wọ́n ti ń retí.

Ó kí wọn kú iṣẹ́. Ó wo ọ̀bẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gà, ó mirí. Ó ní, "Bàbá, eléyìí ń sùn o. Ẹ jí i."

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú Ẹ̀gà dùn dọ́ba. Ó ní ọmọ àwọn ti dé. Wọ́n gbé àpótí fún Òkété, ó jókòó. Kò sí ẹni tó wo ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó mú igi, kó gbẹ́ nǹkan, kí àwọn rí i. Ẹnu dùn ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn ún ṣánko. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n gbé àpótí fún.

Kò pẹ́, Òkété yíjú sí Àkókó. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n jọ̀wọ́ yá òun ní ọmọ ọwọ́ wọn, òun fẹ́ gbẹ́ ṣíbí. Àkókó wo àáké. Ó wo Ẹ̀gà. Ẹ̀gà mi orí pé kó gbé e fún un. Àkókó gbé e fún un.

Nígbà tí àáké padà dé, ẹnu rẹ̀ ti kú fin-ín fin-ín. Amọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Ilẹ̀ ni Òkété fi í gbẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àáké tí wọ́n fi ń gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin, Òkété fi í gbẹ́ ilẹ̀. Àkókó bi í pé ṣíbí dà. Òkété ní ó bí ìbejì. Àwọn ará ìsọ̀ tún rẹ́rìn-ín, nítorí ta ni igi ò là mọ́ lọ́wọ́ rí? Àkókó kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó ti òkúta, ó ń pọ́n àáké títí ọwọ́ fi ń ro ó.

Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Àyọ̀ká. Àyọ̀ká wo àáké, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Baálé mi, ẹ má yá a mọ́."

Òkété tún dé. Ó ní àwo lòun fẹ́ gbẹ́ báyìí. Àkókó ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun. Òkété kò bá a jà o. Ńṣe ló yíjú sí àwọn yòókù, ó ní, "Ẹ̀yin ará ìsọ̀, ṣé ọmọ ìsọ̀ wá ń fi irinṣẹ́ du ọmọ ìsọ̀?" Kíá ni gbogbo wọn dojú kọ Àkókó. Wọ́n pè é ní ahun. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ti Àkókó, ó gbé àáké sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí àáké padà dé lẹ́ẹ̀kejì, epo ti bò ó. Òkété ti fi pa ekùrọ́. Èèkù tó ti ń yọ̀ láti ìgbà bàbá ti là, Òkété sì fi okùn dì í. Kò ní kí wọ́n má bínú. Ó ní kí Àkókó dúpẹ́ pé òun bá a dì í. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí, ẹ bá mi dá a lóhùn: ọpẹ́ kí ni?

Ọpẹ́ kí ni o!

Àkókó gbẹ́ èèkù tuntun. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nígbà tó yá, ẹyin kún Àyọ̀ká nínú. Òjò sì ti ń ṣú bọ̀. Wọn ò tíì nílé. Ẹni tó ń gbẹ́lé fún gbogbo ẹyẹ, òun fúnra rẹ̀ kò tíì gbẹ́ tirẹ̀. Àkókó wá igi gbígbẹ kan tó ga, ó gùn ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò. Ó ti gbẹ́ ẹnu ọ̀nà tán, ó ku inú, nígbà tó gbọ́ ohùn Òkété nísàlẹ̀. Òkété ní òun fẹ́ ọmọ ọwọ́. Ó ní àga lòun fẹ́ gbẹ́.

Lọ́tẹ̀ yìí Àkókó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ilé ọmọ mi ni mò ń gbẹ́. Lọ wá tìẹ."

Òkété lọ bá Ẹ̀gà. Ẹ̀gà ránṣẹ́ wá pé bí Àkókó kò bá yá ọmọ ìyá rẹ̀ ní irinṣẹ́, kó má dé ìsọ̀ mọ́. Àyọ̀ká bú sẹ́kún. Ó ní, "Níbo ni kí n yé ẹyin sí? Ṣé inú òjò ni?" Òkété fi ọwọ́ sáyà, ó búra pé kí oòrùn tó wọ̀ òun á ti dá a padà. Àkókó wo ẹkún ìyàwó rẹ̀, ó wo ìránṣẹ́ Ẹ̀gà. Inú ìsọ̀ yẹn ni wọ́n bí i sí, kò mọ ibòmíràn. Ó sọ àáké sílẹ̀.

Oòrùn wọ̀, kò rí Òkété. Ilẹ̀ mọ́, kò rí Òkété. Ni Àkókó bá gbéra, ó ń wá a kiri igbó, ó ń kọrin pé:

Òkété, àáké mi dà?
*Kó-ń-kó*
Àáké bàbá mi dà?
*Kó-ń-kó*
Ẹyin ń ti Àyọ̀ká,
*Kó-ń-kó*
Òjò ń ṣú bọ̀ lókè,
*Kó-ń-kó*
Àáké kì í ṣe ọkọ́ o,
*Kó-ń-kó*
Ẹ bá n bi Òkété,
*Kó-ń-kó, kó-ń-kó*

Ó bá a nídìí ọ̀pẹ, ó ń jẹ ẹyìn. Ihò tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òkúta ńlá kan wà nínú ihò náà, àáké sì wà lórí òkúta. Irin rẹ̀ ti ṣẹ́ sí méjì. Èèkù rẹ̀ ti fọ́ yángá. Àkókó ṣa irin náà jọ, ó gbé e sọ́wọ́.

Òkété gbé ẹyìn mì. Ó ní, "Ọmọ ọwọ́ yín sùn, ẹ̀gbọ́n. Ó sùn wọra."

Ó fi èdè ìsọ̀ sọ ọ́ o. Èdè tí Àkókó fi ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré lórí iṣẹ́, òun ni Òkété fi ń bá a ṣeré lórí òkú àáké bàbá rẹ̀. Báyìí ni ìwà rẹ, Òkété!

Àkókó kó irin náà lọ síwájú Ẹ̀gà. Òkété tẹ̀ lé e, ó tún lọ jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ẹ̀gà wo irin, ó mí kanlẹ̀. Ó ní irinṣẹ́ a máa bàjẹ́. Ó ní Òkété gbọ́ èdè àwọn, ọmọ àwọn ni, kí Àkókó fi orí jì í.

Àkókó ní, "Bàbá, ohun kan péré ni mo fẹ́. Ẹ ní kó gbẹ́ ṣíbí kan níṣojú wa. Ṣíbí lásán."

Òkété ní ọwọ́ ń dun òun lónìí. Ẹ̀gà mọ̀. Gbogbo wọn mọ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n gbé àpótí fún un, wọn ò sì fẹ́ gbà pé àwọn ṣìṣe. Ẹ̀gà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Àkókó pé kó ní sùúrù. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni wọ́n ní kó ní sùúrù. Ẹni tó ṣẹ̀, wọn ò ní kó dìde lórí àpótí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Àkókó fi irin náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Ẹ̀gà, ó fò kúrò ní ìsọ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tó dé ibi igi gbígbẹ, ojú ọ̀run ti dúdú. Àyọ̀ká bà sórí ẹ̀ka, ó fi ìyẹ́ bo ikùn. Ó ní ẹyin kò ní dúró dòla. Àkókó wo ihò tí kò jìn ju orí lọ. Kò ní àáké. Kò ní ẹni tó lè lọ bá. Inú bí i gidigidi. Ó pariwo, ó sì fi orí lu igi náà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan igi. Èérún igi kan já bọ́.

Àkókó wo èérún igi náà. Ó tún lu igi. Òmíràn bọ́. Ó dùn ún, ó dùn ún dé ẹ̀yìn orí. Ó lu igi nítorí àáké. Ó lu igi nítorí àpótí tí wọ́n gbé fún ọ̀lẹ. Ó lu igi nítorí sùúrù tí wọ́n ní kó ní. Kó, kó, kó! Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórí rẹ̀, kò dúró. Kó, kó, kó! Bí òjò ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, Àyọ̀ká sì wọlé. Òjò dé wàràwàrà. Inú ihò gbẹ. Àyọ̀ká yé ẹyin.

Nígbà tí òjò dá, Òkété wá. Ara rẹ̀ tutù rinrin, nítorí omi ti wọ ihò rẹ̀ lábẹ́ ìsọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí ilé tuntun. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti ní ọmọ ọwọ́ tuntun nìyẹn. Ẹ yá mi, kí n fi gbẹ́ ilé tèmi."

Àkókó yọ orí jáde. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i lórí, ó pọ́n bí osùn.

Ó ní, "Ẹnu mi ni. Gòkè wá mú un."

Òkété dúró nísàlẹ̀, ó ń wo ẹnu náà. Ó wá ọ̀rọ̀ tó máa fi yá a nínú gbogbo èdè ìsọ̀ tó gbọ́, kò rí. Ó yí padà, ó wọ inú igbó lọ.

Ìdí nìyẹn tí Àkókó fi ń fi ẹnu gbẹ́gi títí di òní olónìí. Ìdí nìyẹn tí orí rẹ̀ fi pọ́n. Ìdí nìyẹn tí kò fi bá ẹnikẹ́ni pín ìsọ̀, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń dá ṣiṣẹ́ lórí igi gbígbẹ. Bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́, tó ní gbogbo nǹkan lòun lè yá yín àyàfi èyí tó wà lọ́wọ́ òun, ẹ má pè é ní ahun. Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara yín.

Ààlọ́ mi ti fò lọ nìyẹn. Bí mo bá parọ́, kí igbó dákẹ́ lọ́la. Bí mi ò bá parọ́, ẹ ó gbọ́ ọ lórí igi gbígbẹ kí oòrùn tó mú: kó, kó, kó.

Kó, kó, kó!